Ìyá Alágbàfọ̀ Gbómi Sẹ́nu

Lọ́jọ́ tí Ẹlẹ́dàá ń pín ohùn, tó ní kí oníkálùkù mú igbá wá, ó dájú pé àgbá ni Ìyá Alágbàfọ̀ yí lọ síbẹ̀. Bó bá sín nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwọn tó wà lódìkejì títì á ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o.” Bó bá ń sọ àṣírí fún ènìyàn létí, gbogbo àdúgbò ló ń mi orí pé àwọn ti gbọ́. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń sọ pé òun kọ́ lòun ní ẹnu, ẹnu ló ní òun. Nínú gbogbo òwe tí àwọn àgbà pa, ẹyọ kan ṣoṣo ló gbà gbọ́: ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn òwe tó ń gba ènìyàn níyànjú pé kó panu mọ́, ó ní àwọn tí kò rí nǹkan sọ ló pa wọ́n.

Ìgbà kan ṣoṣo ni ẹnu yẹn máa ń sinmi, ìyẹn nígbà tó bá ń lọ aṣọ. Àwọn alágbàfọ̀ ìwòyí ní ìgò tí wọ́n ń tẹ̀ lórí tó ń fọ́n omi. Ìyá Alágbàfọ̀ náà ra ọ̀kan, ó sì ń fi í bomi rin òdòdó ẹnu ọ̀nà. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń fọ́n omi sí aṣọ, bí ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti ń ṣe. Yóò yọ eyín àtọwọ́dá rẹ̀ sínú ife, yóò gbé omi sẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì á wú bí àkàrà tó bọ́ sínú òróró, yóò wá fẹ́ ẹ, fùúù! Omi á balẹ̀ sórí aṣọ bí ìrì. Àwọn oníbàárà tó mọ̀ kì í sọ̀rọ̀. Àwọn tí kò mọ̀ ń yin bí kọ́là ṣe gún. Dandan sì ni yíyọ eyín, nítorí bó bá gbàgbé, eyín á bá omi lọ. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Orí ṣẹ́ẹ̀tì Lọ́yà, oníbàárà rẹ̀ kan, ló bọ́ sí, Lọ́yà sì dúró níbẹ̀ tó ń retí aṣọ. Ọkùnrin náà wo eyín, eyín wo ọkùnrin náà. Ìyá Alágbàfọ̀ ní, “Ẹ má bínú, ó ń rẹ́rìn-ín sí yín ni.”

Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Ọkọ ọmọ náà ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ọ̀nà jíjìn, bí òṣùpá ló ṣe ń yọ sílé. Nítorí náà, lẹ́yìn ilé ìwé, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni ọmọbìnrin tí àwọn méjèèjì bí máa ń wà, lórí àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí wọ́n ti ń lọ aṣọ. Ohun ìṣeré rẹ̀ ni agolo tí ìyá àgbà ń kó bọ́tìnnì tó já sí. Ológoṣẹ́ ni ìyá àgbà ń pè é, nítorí láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ni kò ti sinmi. Ó ń bi áyọ́ọ̀nù léèrè ohun tó ń bí i nínú. Ó ń bẹ bọ́tìnnì pupa pé kó má bá bọ́tìnnì dúdú jà mọ́. Bí òun àti ìyá àgbà bá gbé ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, oníbàárà á ju aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, á sá.

“Èmi ló jọ,” ni Ìyá Alágbàfọ̀ máa ń wí. “Orí ló yọ ọ́ tí kò jogún eyín mi.”

Nígbà tí wárápá kọ́kọ́ gbé ọmọ náà ṣánlẹ̀, ariwo ìyá àgbà ló kó gbogbo títì jọ. Ọkùnrin kan ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ọmọ o, kí itọ́ rẹ̀ má baà ran ẹlòmíràn. Ìyá Alágbàfọ̀ sọ ibi tí ọkùnrin náà lè ti itọ́ tirẹ̀ bọ̀; a ò lè kọ ọ́ síbí. Lẹ́yìn náà lòun alára wá ṣe ti òmùgọ̀: ó ti ìka ìfábẹ̀lá bọ ọmọ lẹ́nu, kó má baà gé ahọ́n jẹ. Ọmọ ò gé ahọ́n jẹ. Ìka ló gé. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ilé ìwòsàn, ọmọ ti jí, ó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ìyá àgbà ni wọ́n ń tì lórí àga onítáyà.

Dókítà tó gbà wọ́n jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin lọ́wọ́. “Màmá,” ó ní, bó ti ń di ìka náà, “bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, ẹ fi nǹkan rírọ̀ sí i lábẹ́ orí, ẹ máa wo aago. Bó bá pẹ́ ju bí mo ṣe sọ fún yín lọ, ẹ gbé e wá kíá. Ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu.”

“Ìka ńkọ́?”

“Pàápàá ìka.”

Nígbà tó délé, ó ń na ìka tí wọ́n fi báńdéèjì wé náà sí gbogbo ẹni tó bá wá kí wọn. “Àwọn yòókù ń fi ìka àbámọ̀ bọ ẹnu ara wọn,” ó ní. “Ẹnu ẹlẹ́nu lèmi fi tèmi bọ̀.”

Wọ́n fún ọmọ ní oògùn oníhóró, àárọ̀ àti alẹ́. Oògùn náà mú iṣẹ́ ṣe, nítorí wárápá ò gbé e ṣánlẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ìṣubú ti ń lọ ni ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ náà ń bá a lọ. Bọ́tìnnì pupa àti dúdú ń jà, kò sẹ́ni tó là wọ́n mọ́. Olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ ní ọmọ náà máa ń jókòó, ojú rẹ̀ á là, ṣùgbọ́n ó dà bí ilé tí wọ́n ṣílẹ̀kùn rẹ̀ tí onílé ti jáde. Ní ṣọ́ọ̀bù, ìyá àgbà á bi í ní ìbéèrè, á dá ara rẹ̀ lóhùn, á tún bá ara rẹ̀ jiyàn, ọmọ á ṣì máa wo ògiri.

“Oògùn yẹn ti fọ ọmọ yìí jù,” ló sọ fún ìyá ọmọ. “Ó ti ṣá. Sọ fún wọn kí wọ́n dín in kù.”

“Màmá, bí wọ́n bá dín in kù tó bá tún ṣubú ńkọ́? Lórí títì? Lẹ́bàá áyọ́ọ̀nù yín yìí?”

“Bí kò bá sì ṣubú ńkọ́, tó kàn jókòó bí àwòrán títí ẹ ó fi sin mí?”

“Mo rí i nígbà tó ṣubú. N ò fẹ́ rí i mọ́.”

“Èmi ni wọ́n gé níka jẹ!”

“Màmá, ọ̀rọ̀ ìka kọ́ là ń sọ!”

Bí wọ́n ti ń fà á nìyẹn. Dókítà ti sọ pé nígbà tí wọ́n bá tún wá, àwọn ó jọ yan ọ̀kan: bóyá kí wọ́n fi oògùn sílẹ̀ bó ṣe wà, tàbí kí wọ́n máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ó ní ohunkóhun tó bá ń kọ wọ́n lóminú, kí wọ́n fi fóònù ya fídíò rẹ̀ wá kóun náà rí i. Etí Ìyá Alágbàfọ̀ gbé ọ̀rọ̀ yìí. Ó pinnu pé òun ló máa gba ẹjọ́ ọmọ ọmọ òun rò. Ẹ̀rí ló kù.

Ẹ̀rí dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun Lọ́yà wà lórí tábìlì, eyín wà nínú ife, omi tó fi sítáàṣì díẹ̀ sí ti kún ẹnu, bó ti bojú wẹ̀gbẹ́ nìyẹn. Ológoṣẹ́ tẹjú mọ́ ògiri bí ẹni tó ń ka ìwé lára rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú agolo bọ́tìnnì. Ìyá Alágbàfọ̀ fẹ́ kígbe pé, “Ẹ̀rí rèé!” ṣùgbọ́n omi ò jẹ́. Bó bá tu ú, orí ṣẹ́ẹ̀tì ni. Bó bá gbé e mì, sítáàṣì á mú ìfun rẹ̀ gan bíi kọ́là. Ó bá fọwọ́ wá fóònù, ó tẹ ibi tí ọmọ rẹ̀ kọ́ ọ pé kó máa tẹ̀, ó nà án síwájú, ó dúró gbagidi bí ayàwòrán ìjọba. Gíláàsì ojú rẹ̀ wà lórí pẹpẹ, kò rí ohun tó wà lójú fóònù. Àmì pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú níbẹ̀. Ìyẹn tó fún un.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó múra lọ sí ilé ìwòsàn bí ẹni tó ń lọ gba oyè. Eyín wà lẹ́nu, ó ń dán. Kí Dókítà tó sọ pé kí wọ́n jókòó, ó ti dìde.

“Dókítà ọmọ mi,” ó ní, “ẹ kàwé, n ò bá yín dù ú. Ṣùgbọ́n ojú tó rí nǹkan kì í purọ́. Ẹ wo ohun tí oògùn yín fi ọmọ mi ṣe. Ẹ wò ó dáadáa, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ojú tì yín díẹ̀.”

Ó gbé fóònù ka iwájú rẹ̀. Dókítà tẹ̀ ẹ́.

Ojú Ìyá Alágbàfọ̀ ló kún ojú fóònù bámú. Kò sí eyín. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú bí ti ọ̀pọ̀lọ́ tó ń gbéraga. Ojú rẹ̀ ranko bí ti ẹni tó ń lé olè. Imú rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, ó ń mí fìn-ìn, fìn-ìn. Ìgbà tó bá sún fóònù mọ́ra, ihò imú kan ṣoṣo ló máa ń gba gbogbo ojú rẹ̀, ó ṣókùnkùn bí ẹnu kànga. Ọmọ tó ní òun ń yà kò hàn níbẹ̀ rárá.

Ìyá ọmọ kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu, nígbà tó yá ó gbórí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Dókítà ń gé ètè jẹ, omi ti lé rogodo sí i lójú.

“Ẹ pa á!” ni Ìyá Alágbàfọ̀ ké. “Ta ló ya ìranù yìí?”

“Ẹ̀yin ni, Màmá.”

“Èmi kẹ̀? Ṣé bí ojú mi ṣe rí nìyí, tí ẹ̀yin ará ilé sì ń wò mí níran? Kò sẹ́ni tó lè...”

“Ẹ dákẹ́ ná,” ni Dókítà wí.

Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Ó dá fídíò náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè, ó dẹ etí sí i. Nínú fídíò náà, nítorí omi tó wà lẹ́nu ayàwòrán, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ìmí ń lọ, ó ń bọ̀. Lẹ́yìn ìmí náà ni ìró kan wà, kékeré, tó ń bọ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ tábìlì: pọ́, pọ́, pọ́, bí ẹni tó ń fi ètè jẹ nǹkan tí kò sí. Lábẹ́ rẹ̀, bọ́tìnnì ń ró nínú agolo, ṣẹkẹ ṣẹkẹ ṣẹkẹ, ọwọ́ kan náà, ìwọ̀n kan náà, kò yára, kò dúró. Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ tí omi sọ̀ kalẹ̀ lọ́fun ìyá àgbà, ikọ́ tẹ̀ lé e, ohùn ńlá náà sì bú jáde: “Ológoṣẹ́! Kí lò ń jẹ lẹ́nu? Ṣúgà mi lo tún lọ jí!” Ọmọ ò dáhùn. Ó pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ohùn tín-ín-rín kan tó ní, “Ìyá Àgbà, ẹ pè mí ni?”

Dókítà dá fídíò náà dúró.

“Ṣé ó máa ń ṣe báyìí?” ni Dókítà bi wọ́n. “Kó máa jẹ ẹnu lásán, kó sì máa wo ibì kan?”

“Ojoojúmọ́,” ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí, ohùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. “Mo rò pé... Mo ti gbé agolo ṣúgà lọ sókè pẹpẹ. Nígbà tí kò tún jáwọ́, mo fi okùn so agolo náà.”

Ológoṣẹ́ gbójú sókè. “Mo sọ fún Ìyá Àgbà pé n ò jí ṣúgà,” ó ní jẹ́jẹ́. “Wọ́n ní mo ń parọ́.”

Dókítà fa àga rẹ̀ sún mọ́ wọn. Ó ní ọpọlọ dà bí ilé tó ní wáyà iná. Nígbà mìíràn, iná gbogbo ilé á máa ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn ni wárápá tó ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀, tí gbogbo ayé mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, iná yàrá kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́jú. Ẹni náà ò ní ṣubú. Yóò kàn lọ díẹ̀, ẹnu á máa jẹ, ọwọ́ á máa ṣa nǹkan, yóò sì padà wá láìmọ̀ pé òun lọ.

“Oògùn lè wà nínú ohun tó mú un dákẹ́ lóòótọ́,” ó ní. “Ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn nìkan. Ó ṣeé ṣe kí wárápá kékeré máa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀ lójoojúmọ́. Màmá, ká ní ẹ sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ fídíò yìí ni, a kì bá tí gbọ́ nǹkan kan. Díẹ̀ ló kù kí n gbà fún yín lónìí pé ká máa dín oògùn kù.”

Ìyá Alágbàfọ̀ rántí gbogbo ọ̀sán tí ìró yẹn ti ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ohùn tirẹ̀ sì ń gùn ún mọ́lẹ̀. Àgbà tí wọ́n ní ó ń rí ohun tí ọmọdé ò rí, orí ìjókòó ni tiwọn. Tirẹ̀, ó dúró, ó wọ gíláàsì, olè ṣúgà ló rí. Ó tẹ̀ síwájú ọmọ náà.

“Ọkọ mi,” ó ní, “o ò jí ṣúgà. Èmi ni mo jí i. Èmi ni mò ń bu ú sínú tíì nígbà tí dókítà tèmi ti ní kí n má mu ú mọ́.”

“Màmá!” ni ìyá ọmọ wí.

“Dákẹ́. Ẹjọ́ mìíràn nìyẹn.”

Wọ́n ní kí wọ́n padà wá kí wọ́n lè so wáyà wẹ́wẹ́ mọ́ ọmọ lórí, láti mọ bí iná ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń lọ. Kò dùn ún. Ó ní ó dà bí ìgbà tí ẹni tí kò mọ irun dì bá ń dirun fún òun. Ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà ní kí yàrá dákẹ́. Ìyá Alágbàfọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún ọmọ pé kó má bẹ̀rù. Ọkùnrin náà ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yín ń ji àwọn tó wà ní yàrá kejì.” Wọ́n mú un jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó ń ṣàlàyé fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá pé wọ́n ní kí òun dákẹ́.

Ẹ̀rọ náà fara mọ́ ohun tí fóònù ti sọ. Wọ́n tún jókòó síwájú Dókítà, ó sì gbé ọ̀nà tó wà ka iwájú wọn. Wọ́n lè fi kún oògùn tó ń lò. Ó ṣeé ṣe kó ran wárápá kékeré náà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìtòògbé á pọ̀ sí i. Wọ́n sì lè pààrọ̀ rẹ̀ sí òmíràn, díẹ̀díẹ̀, kí tuntun máa wọlé kí tàtijọ́ máa jáde. Tuntun yẹn kì í sábà mú ọmọ tòògbé, ṣùgbọ́n ó lè mú kó máa tètè bínú. Lásìkò ìpààrọ̀ náà, wárápá ńlá lè tún gbé e ṣánlẹ̀. Kò lè ṣèlérí pé kò ní ṣẹlẹ̀.

“Ó ti rẹ̀ mí láti máa yàn,” ni ìyá ọmọ wí, ó ń sunkún. “Èyíkéyìí tí mo bá mú, ara tèmi kọ́ ni yóò gbé e. Ara ọmọ ni. Màmá, kí la máa ṣe?”

Gbogbo wọn yíjú sí Ìyá Alágbàfọ̀, obìnrin tó mọ ohun tó yẹ kí ìjọba ṣe, ohun tó yẹ kí òjò ṣe, àti ìdí tí aládùúgbò rẹ̀ kò fi rí ọkọ fẹ́.

“N ò mọ̀,” ó ní.

Ìyá ọmọ gbójú sókè. “Ẹ ní kí ni?”

“N ò mọ̀. Ṣé o fẹ́ kí n fi orin kọ ọ́ ni? Nígbà tí mo mọ̀ jù lọ, ihò imú ni mo yà wá. Ẹ bi ẹni tó ni orí.”

Dókítà bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó bi ọmọ náà. Ológoṣẹ́ ronú tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi ń wò ó bóyá ó ti tún lọ. Kò lọ.

“Èyí tí n ò fi ní máa sùn ní kíláàsì,” ó ní. “Bí mo bá ṣubú, màá dìde.”

Ìyá rẹ̀ nu ojú. “Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀,” ló sọ.

Dókítà kọ ọ́ fún wọn bí wọ́n ṣe máa lò ó. Ìyá Alágbàfọ̀ ní ó yé òun: bí ìgbà tí ènìyàn méjì bá ń fún aṣọ ìbora tó rin gbingbin ni, ẹnì kan ò gbọdọ̀ jù ú sílẹ̀ kí ẹnì kejì tó dì í mú.

“Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ lọ́sàn-án,” ni Dókítà wí. “Kó máa wò, kó sì máa gbọ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìró yẹn ń pọ̀ sí i tàbí ó ń dín kù. Ṣé Màmá lè máa dákẹ́?”

“Rárá,” ni ìyá ọmọ wí.

“Rárá,” ni Ológoṣẹ́ wí.

Òótọ́ ni. Ó gbìyànjú rẹ̀. Ó jókòó, ó pa ẹnu dé, kò tíì mí dáadáa tó fi bá ara rẹ̀ láàárín ìtàn kan nípa ìyàwó kan tó fọ sòkòtò ọkọ rẹ̀ tòun ti owó oṣù. Ó so gèlè mọ́ ẹnu, oníbàárà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pe ọlọ́pàá. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ bọ́ sára ife omi tó wà lórí tábìlì. Ó ronú kan fídíò yẹn. Ó yọ eyín, ó gbé omi sẹ́nu, kò sì fẹ́ ẹ sórí aṣọ kankan. Ó kàn gbé e síbẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹrù pé kó bá àwọn mú u dání.

Àdúgbò dàrú. Wọ́n ní wọ́n ti fi í bú. Wọ́n ní ẹsẹ̀ kan rẹ̀ ti wà lọ́run, ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Obìnrin tó ń ta ìwé ìròyìn ní ìkángun títì mú ọsàn wá, ó ń sunkún. Ìyá Alágbàfọ̀ gba ọsàn, ó mi orí, omi ń mì lẹ́rẹ̀kẹ́. Láàárín gbogbo èyí, ó ń gbọ́. Ó gbọ́ pé áyọ́ọ̀nù máa ń mí. Ó gbọ́ pé ọmọ náà máa ń kùn orin kan nínú imú, tí òun kò mọ̀ rí. Ó sì ń gbọ́ pọ́, pọ́, pọ́. Nígbàkígbà tó bá gbọ́ ọ, á fi bọ́tìnnì kan sínú ìgò, ìgò kan fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ìyá ọmọ lè rí i bó bá dé.

Wárápá ńlá náà wá, bí Dókítà ti ní ó lè wá. Ọmọ náà dìde láti mu omi, ó ké ẹ̀ẹ̀kan, ó ṣubú. Ìyá Alágbàfọ̀ gbé omi ẹnu rẹ̀ mì tòun ti sítáàṣì. Kò pariwo. Ó ti áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, ó fọwọ́ gbá nǹkan rírọ̀ tó wà nítòsí jọ sí i lábẹ́ orí, ó tẹjú mọ́ aago. Ìka tí wọ́n gé jẹ rí náà fẹ́ lọ sẹ́nu ọmọ. Ó fi ọwọ́ kejì dì í mú. Aago ń rìn bí aláboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé. Wárápá náà dúró, ara ọmọ rọ̀, ó mí. Ìgbà náà ló wá rí i pé gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì Lọ́yà ló fi ṣe ìrọ̀rí, itọ́ àti ìtọ̀ sì ti dé ibi tí sítáàṣì ò dé.

Ìyá ọmọ sáré dé, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ní ẹfun ìkọ̀wé. Ó pe Dókítà lórí fóònù. Dókítà ní kí wọ́n gbé ọmọ wá kóun yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní àwọn lè fi díẹ̀ kún tuntun yẹn kí àwọn máa bá a lọ, tàbí kí àwọn padà sí tàtijọ́, ohun tí wọ́n bá fẹ́.

“Ẹ jẹ́ ká padà,” ni ìyá ọmọ wí. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká padà.”

Ìyá Alágbàfọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, orí ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. “Ẹ̀rù ń bà mí débi pé ìdí mi ń lu ilẹ̀,” ó ní. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, ìyá ọmọ ní láti tẹ̀ síwájú kó tó gbọ́. “Bó bá ṣe pé ẹ̀rù lo bi, a ti padà. Ṣùgbọ́n wo àwọn ìgò bọ́tìnnì yẹn. Wo ti ọ̀sẹ̀ tá a bẹ̀rẹ̀, tó kún dé ọrùn. Wo ti ọ̀sẹ̀ yìí, kò bo ìdí ìgò. N ò fojú inú wò ó o. Mo gbọ́ ọ. Ìwọ lo bí i, ìwọ ni wàá yàn. Ohun tí mo gbọ́ ni mo sọ.”

Ìyá ọmọ wo àwọn ìgò náà títí. Lẹ́yìn náà ó gbé fóònù padà sétí. “Dókítà,” ó ní, “ẹ bá wa fi díẹ̀ kún un.”

Lọ́yà gbọ́ ohun tó ṣe aṣọ rẹ̀, ó kàn ní láàárín eyín àti èyí, òun ti gbà pé ṣẹ́ẹ̀tì òun ní kádàrá tirẹ̀.

Òun náà ló dúró sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí oògùn àtijọ́ ti lọ pátá. Ìyá Alágbàfọ̀ ń lọ kọ́là ìkẹyìn, omi wà lẹ́nu, ó ń gbọ́. Bọ́tìnnì ń ró nínú agolo, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ̀n kan náà. Ó ń yára, ó ń dúró.

“Ẹ̀yin méjèèjì, mo ti kìlọ̀ fún yín,” ni ohùn kan wí. “Ìwọ pupa, o ti ya aláfojúdi.”

Áyọ́ọ̀nù dúró lójú kan. Ìyá Alágbàfọ̀ ò yíjú. Ó ń bẹ̀rù pé bóun bá yíjú, ẹyẹ náà á fò lọ.

“Dúdú, má sunkún. Ìyá Àgbà ń wò ọ́. Ìyá Àgbà, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín dà bí ọ̀pọ̀lọ́ tó gbé ọ̀pọ̀lọ́ mìíràn mì, tí èyí tó wà nínú sì ń bẹ̀bẹ̀?”

Obìnrin náà di tábìlì mú. Ó fún imú rẹ̀ pọ̀. Ó ronú kan ikú, ó ronú kan gbèsè. Kò ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, ó gba inú gòkè, ó dé ẹnu, ó bá omi níbẹ̀. Fùúù! Ó ba ṣẹ́ẹ̀tì, ó ba ògiri, ó sì ba Lọ́yà láti iwájú orí dé táì.

Lọ́yà yọ gíláàsì rẹ̀, ó ń nù ún. “Ó kéré tán, kò sí eyín nínú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí,” ó ní.

Ìyá Alágbàfọ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń fi aṣọ oníbàárà mìíràn nu ojú ọkùnrin náà. Ọ̀rọ̀ tó ti kó jọ láti ìgbà yìí wá ti tò dé ọ̀nà ọ̀fun. Ó yíjú sí ọmọ náà, ó la ẹnu gbàgà. “Ológoṣẹ́ mi! Ṣé èmi lo ń...”

“Ìyá Àgbà, ẹ dúró,” ni ọmọ náà wí, ó gbé ọwọ́ sókè, ojú rẹ̀ le bí ti ọ̀gá àgbà. Oògùn tuntun yẹn ti kọ́ ọ ní ìbínú díẹ̀ lóòótọ́. “N ò tíì parí. Pupa ní òun fẹ́ rojọ́.”

Ìyá Alágbàfọ̀ pa ẹnu dé. Ó wo Lọ́yà, Lọ́yà gbé èjìká sókè. Ó bá nawọ́ mú ife, ó bu omi sẹ́nu, ó fa àpótí kan, ó jókòó láti gbọ́ ẹjọ́ pupa.